Ilẹ̀kùn Búrẹ́dì

Búrẹ́dì ni ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, Ìyá Tólú, ó ṣì ń gbóná. Èmi àtàwọn ará ìjọ tá a jọ ń lọ wàásù níbẹ̀ dúró síta. Ebi ń pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bù ú jẹ. Bàbá Rẹ̀mí, tí kò tíì rí ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí lẹ́yìn tí wọ́n mú un, ní: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í jẹun láìgbàdúrà. Ẹ má jẹ́ kó gùn o!"

Ó gùn. Mo gbàdúrà fún gómìnà, mo gbàdúrà fún ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀gá wọ́dà wo aago, ó ní: "Tẹ́ ẹ bá ti ṣe Àmín, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á máa lọ sílé."

Àmín ló wà lẹ́nu mi tí o fi jí mi.