Fóònù Wà Lóríta, Èèyàn Wà Lókè

Iná-Dé ni àwọn ará abúlé orí òkè ń pe ọkùnrin tó ń bá wọn ṣáàjì fóònù ní oríta, nítorí pé kò síná lọ́dọ̀ tiwọn. Láràárọ̀, ọlọ́kadà kan á kó fóònù wọn sínú àpò wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sì dá wọn padà nírọ̀lẹ́. Bí igba fóònù ló máa ń tò sórí pákó níbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ni wọ́n wà lóko.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbé kọ̀ǹpútà dé. Ó fi àwòrán ilẹ̀ hàn án; oríta náà pọ́n fòò láàárín rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí fóònù bá pọ̀ sí la fi ń mọ ibi téèyàn pọ̀ sí. Ibẹ̀ la máa kọ́ ilé ìwòsàn sí. Èrò ń gbé níbí gan-an, àbí?"

Iná-Dé wo pákó rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ó ti ń fojú inú rí àwọn tó máa wá gbàtọ́jú, bí wọ́n ṣe ń rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Háà, àǹtí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ibí yìí kì í dá!"

Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn náà, ó rẹwà. Nọ́ọ̀sì méjì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Nígbà tó yá, ìrọbí mú ìyàwó àbúrò Iná-Dé tó ń gbé lórí òkè. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà ò lè gùn ún. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi bímọ sábẹ́ igi. Ọmọ náà ò ké.

Iná-Dé gòkè lọ bá wọn kẹ́dùn.

"Bọ̀dá mi," ìyàwó náà bi í, "ta ló tiẹ̀ sọ fún wọn pé ìsàlẹ̀ lèèyàn wà?"

Iná-Dé dá a lóhùn: "Èmi ni."

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Iná-Dé pe òṣìṣẹ́ ìjọba náà. "Àǹtí, mo tàn yín. Fóònù ló wà lọ́dọ̀ mi. Òkè làwọn èèyàn wà."

"Èmi náà ò gòkè lọ wò ó," ni obìnrin náà fèsì. "Ilé ìwòsàn yẹn ò ṣeé gbé lọ sókè mọ́. Màá ní kí nọ́ọ̀sì máa gòkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Iná-Dé fúnra rẹ̀ ló ń bá nọ́ọ̀sì gbẹ́rù. Tí wọ́n bá débẹ̀, àbúrò rẹ̀ kì í wo ojú rẹ̀. Ìyàwó náà ṣì ń kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìkíni yẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù.