Kóró Dàbínù Lẹ́bàá Ibùsùn Silifatou

Ààwẹ̀ ọdún 1974 ti wọra kí Mùkàrámà tó rí kóró dàbínù nínú yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ló wà, ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹran kankan lára rẹ̀ mọ́.

Dàbínù ni Mùkàrámà ń tà ní Adjamé, ní ìlú Abidjan. Ògbómọ̀ṣọ́ lòun àti ọkọ rẹ̀ ti wá. Ọkọ kú, ó ku òun àti Chakirou, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Bí Ramadan bá ti ń bọ̀, wọn a máa to àpò dàbínù sínú yàrá ẹ̀yìn títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, torí dàbínù ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣínu. Pákó lásán ló pààlà yàrá yẹn àti yàrá Chakirou. Lọ́dún yìí, àwọn àpò tó wà lókè pátápátá ń jò mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mùkàrámà ní kì í ṣe eku. Ológìnní rẹ̀ kì í jẹ́ kí eku rápálá kọjá nílẹ̀ ilé yẹn. Ta ló wá kù?

"Ìyàwó, ṣé ò ń gbààwẹ̀?" ló bi Silifatou lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Mò ń gbà á, Màmá. Kí ló dé?"

Mùkàrámà ṣí ọwọ́ rẹ̀, kóró sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Silifatou wò ó. Ó ní òun náà máa ń bá a nílẹ̀ tóun bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, òun rò pé Chakirou ló ń jẹ ẹ́ ní sààrì. Chakirou kẹ̀! Chakirou tí kò lè fẹnu kan nǹkan dídùn láti kékeré!

"Màmá, je jure, mo búra, mi ò jẹ ẹ́," ọmọ náà ní, omi ti ń lé sí i lójú.

Ká ní ó sọ pé òun ń ṣe nǹkan oṣù ni, ta ni ì bá bá a wí? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé òun ń gbààwẹ̀. Ká má tan ara wa jẹ, Mùkàrámà ò fẹ́ràn ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Abidjan ni wọ́n bí i sí, kì í lè sọ Yorùbá lásán kó má da Faransé pọ̀ mọ́ ọn, Chakirou ló sì fẹ́ ẹ láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ yan ti Ògbómọ̀ṣọ́ fún un. Inú obìnrin yìí dùn sí kóró yẹn. Ẹ gbọ́ mi yé: inú rẹ̀ dùn!

Nígbà tí àwọn obìnrin ń ṣínu ní mọ́ṣáláṣí nírọ̀lẹ́, ó rò fún wọn, ó ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tọ́rọ̀ náà ń dùn. Òun ni ìyá àdínì wọn, ta ni yóò pè é lónírọ́? Kò pẹ́ tí wọn kò gba omi lọ́wọ́ Silifatou mọ́. Ojú ti Chakirou láàárín àwọn ọkùnrin. Ó ní bí a bá ti ṣọdún ìtúnu tán, kí ìyàwó òun máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Marcory, àfi bí ìyá òun bá ní kó dúró. Ìyá kò ní kó dúró.

Ọjọ́ tí Silifatou ń di ẹrù ni Joachim káfíńtà, ọmọ Pobè ní ilẹ̀ Dahomey, wá tún àjà tí òjò ti bà jẹ́ ṣe. Ó já pákó kan lókè ibùsùn. Kóró dàbínù ya lulẹ̀ wàràwàrà! Lẹ́yìn náà ni ìtẹ́ kan tẹ̀ lé e, ewé gbígbẹ àti òwú àpò ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ẹranko kéékèèké ká jọ sínú rẹ̀, wọ́n ń sùn fọnfọn lọ́sàn-án gangan. Àwọ̀ wọn rí bí eérú, ìrù wọn kún bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́, dúdú sì yí ojú wọn ká bí ẹni lé tìróò.

"Loir nìyí, Màmá," Joachim ní. "Eku orí igi ni. Mángòrò tí wọ́n gé lẹ́yìn ilé yín ló ń gbé, ó wá fi òrùlé yín rọ́pò rẹ̀. Òkè ló ń gbà rìn, ológìnní ò lè rí i. Òru ló ń jẹun."

Ó di ọ̀kan mú nírù. Awọ ìrù náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹranko náà han fíín, ó sá wọ igi àjà.

Mùkàrámà wo kóró tó kún ilẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó yẹ kó kígbe pe Chakirou. Ó yẹ kó kó kóró yẹn lọ sí mọ́ṣáláṣí, kó dà á síwájú àwọn obìnrin, kó ní òun ni òun ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ nínú Ramadan. Ó ro bí wọn yóò ṣe máa wo òun. Ta ni yóò tún pe òun ní ìyá àdínì?

"Ṣé kí n pe àwọn ará ilé wá wò ó?" Joachim bi í. Òun náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kóró yẹn. Ta ni kò gbọ́ ọ ní Adjamé?

"Pe ta ni? Kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò, kó o lọ sun ún."

Joachim wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí kó o. Kì í ṣe ilé tirẹ̀.

Chakirou ti mú takisí dé. "Màmá, kí ni wọ́n bá lájà?"

"Ewé gbígbẹ."

Silifatou wọlé, ó kúnlẹ̀. "Màmá, pardon. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí."

Chakirou dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló ń retí, gbogbo ara rẹ̀ ló sì fi ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Mùkàrámà gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí.

"Mo ti forí jì ẹ́," ó ní. "Máa lọ sílé bàbá ẹ."