Eyín Yá Ju Ẹ̀sín

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bẹ dókítà pé kó bá òun fa eyín tí kò dun òun, ẹ má tètè pè é ní wèrè. Ó lè jẹ́ ìtìjú ló ń bá a jà. Oníjígí wà lórí àga dókítà eyín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, iná ńlá tàn sí i lójú, ohun tó sì ń gbàdúrà fún ni pé kí ọkùnrin yìí má béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀, kó sáà mú irinṣẹ́ rẹ̀, kó fa èyí tó bá wù ú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Oníjígí. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta jígí ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń bá àwọn oníbàárà yan férémù, tó ń tẹ apá rẹ̀ síbí, tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, títí tí jígí á fi jókòó dáadáa lórí imú. Kó o tó kí i tán, ó ti rí i pé etí ọ̀tún rẹ ga ju tòsì lọ. Jígí tí wọ́n fi ń wo ojú náà sì wà níbi gbogbo nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, lára ògiri, lórí tábìlì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní àléébù lójú kò ríbi sá sí níbẹ̀.

Àléébù tirẹ̀, àfọwọ́fà ni. Lọ́dún tó kọjá ló gba abẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, irú èyí tí wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn kún padà. Kì í ṣe ọsibítù ló ti gbà á o. Obìnrin kan tó máa ń lẹ irun ìpéǹpéjú fún àwọn ìyàwó tuntun ló gún un fún un, nínú yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Oṣù bíi mélòó kan, ojú ń dán, àwọn èèyàn ń bi í bóyá ó lọ ìsinmi ni. Nígbà tó yá, kókó kan yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó le bí ẹ̀wà tí kò jinná. Bí ọ̀fìnkìn bá ti mú un báyìí, kókó yẹn á gbóná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ojú òsì á kéré. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á rọlẹ̀. Ó fi yìnyín sí i, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó lo oògùn tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Bó bá lọ lónìí, á tún padà wá bó bá yá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, nítorí ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

"Ìyàwó mi, kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ?"

"Eyín ni, Mà."

Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ ò mọ Màmá. Bí ara ẹnìkan ò bá dá nínú ilé, oorun ò ní kan ojú tiẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń lọ ẹran kúnná fún ìyàwó rẹ̀ kó tó sè é, tó ń gbé omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, àwọn yẹn sì bá a gbààwẹ̀ lé e. Ẹ wo àwọn ìyá arúgbó, tí wọ́n ń fi ebi pa ara wọn nítorí eyín tó dá ṣáká! Oníjígí á jókòó sídìí oúnjẹ rírọ̀ yẹn, ojú á gbà á tì, á sì tún jẹ ẹ́ tán, torí pé bó bá ṣẹ́ ẹ kù, Màmá á ní ìrora ti pọ̀ sí i.

Nígbà tí Màmá wá ní eyín tó ń dààmú èèyàn tó báyìí, yíyọ ló yẹ ẹ́, kí ni Oníjígí fẹ́ sọ? Ó lọ bá dókítà eyín kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹnu mọ́ ọn pé ibẹ̀ gan-an ló ń dun òun, wọ́n sì yọ eyín tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ní tirẹ̀, eyín ló yá ju ẹ̀sín. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n yọ ọ́, ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí jígí tó wà lójú òun alára wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun tó ń bá gbogbo ayé tún tiwọn ṣe.

"Èyí tó bàjẹ́ gan-an kọ́ ni wọ́n yọ," Màmá ní. "Èmi fúnra mi á bá ẹ lọ lọ́tẹ̀ yìí."

Bí Màmá ṣe wà níta nìyẹn, lórí bẹ́ńṣì, tí Oníjígí sì la ẹnu kalẹ̀ fún dókítà kejì.

Dókítà yìí ò kánjú. Ó ń fi irin kékeré kan kan àwọn eyín náà níkọ̀ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Èyí?"

"Ìyẹn náà ń dùn mí."

Ó wo fọ́tò eyín tí wọ́n yà, ó tún un wò. Ó wá ki ìka kan bọ inú ẹnu, ó fi ìka kan tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta, ó sì rọra yí kókó yẹn láàárín wọn.

"Mà, eyín yín dáa ju tèmi lọ. Abẹ́ awọ ni nǹkan yìí wà. Kí lẹ fi síbẹ̀?"

"Ẹ sáà bá mi yọ eyín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, dókítà."

"Eyín tó dáa? Àbí wọ́n ti bá yín yọ irú ẹ̀ rí?"

Oníjígí na ìka kan sókè. Dókítà mí kanlẹ̀, ó pa iná ńlá yẹn. Bóyá torí pé iná kú ni, omi bọ́ lójú Oníjígí, ó ṣàn wọ etí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí pé ilẹ̀kùn ò nípọn, ó sì sọ ọ́, àti abẹ́rẹ́, àti ohun tó gbé e débẹ̀. Ó ju ọkọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ìyẹn ò sì dà wọ́n láàmú rí. Àfi ọjọ́ tí wọ́n fún ọkọ rẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ níbi iṣẹ́, tí ọ̀gá tuntun kan tẹrí ba fún un, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mà. Ọmọ yín ò dójú tì yín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tó ń wá nọ́ńbà ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́.

Dókítà ò bú u. Ó ní dókítà awọ ni kó lọ bá ní ọsibítù ńlá, kó sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin yẹn ohun tó gún sí i gan-an, nítorí pé ọ̀kan wà tí abẹ́rẹ́ mìíràn lè yọ́ dànù, ọ̀kan sì wà tí kò gbọ́ irú ìyẹn, tó jẹ́ pé oògùn àti sùúrù ni. Ó ní kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Eyín tí wọ́n yọ yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tó tún bí kókó náà nínú.

"Ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nìkan nílé. Bó bá wú lójijì, tí ojú yín ò ríran dáadáa, ta ló máa sọ fún dókítà ohun tó wà níbẹ̀? Eyín ni gbogbo wọn máa máa wí."

Nígbà tó jáde, Màmá ti na áńkáṣíìfù funfun kan sílẹ̀ dè é, fún ẹ̀jẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Wọn ò yọ nǹkan kan, Mà. Wọ́n ní kí n lọ bá dókítà awọ ní ọsibítù ńlá. Kì í ṣe eyín." Ó jókòó tì í, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. "Kì í ṣe eyín látìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mo gbà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó lè kún."

Màmá wò ó títí. "Eyín tá a gbààwẹ̀ fún yẹn, kò ṣe nǹkan kan?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Mà."

"Ọlọ́run á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu òun náà, ó mú un mọ́ra. "Kí wá ló gbé ẹ dé ìdí abẹ́rẹ́, ìwọ tí ojú ẹ dáa?"

"Níbi iṣẹ́ ọmọ yín, Mà. Wọ́n pè mí ní ìyá ọkọ mi."

Màmá ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n wá ní kí ni?"

"Ìyẹn náà ni, Mà."

Ìgbà yẹn ni Oníjígí gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó fẹ́ kó o padà, kò ríbi mú un. Màmá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tó ti jìn jù.

"Kí wọ́n má baà fi ẹ́ pe èmi," ó ní, "lo ṣe lọ gbabẹ́rẹ́?"

Oníjígí kúnlẹ̀ láàárín àwọn èrò tó ń dúró de dókítà. Màmá ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó dìde.

"Níbo ni ọsibítù yẹn wà? Dìde, ká máa lọ kí wọ́n tó tì."

Oníjígí gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Títí tí wọ́n fi débẹ̀, Màmá ò gbé ọwọ́ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.