Pákó Tí Kò Gbẹ

Ní ọdún 1994, Díákónì Ọláyọdé dìde níwájú gbogbo ìjọ Yorùbá wa ní New Benin, nílùú Benin, ó ní pákó tútù ni mo fi kan pẹpẹ ìwàásù, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Pẹpẹ náà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú àlejò tó wá wàásù fún wa. Òótọ́ ni pé pákó ò gbẹ. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Ọláyọdé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Iyaro pé kó fún mi ní oṣù méjì sí i.

"Kàn án báyìí, Àkàndé," ló wí. "Àlejò ń bọ̀."

Kò sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sì kọ́kọ́ wá bá mi ní èmi nìkan, bí Jésù ṣe ní ká máa ṣe. Iwájú ìjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta, kí n má jẹ oúnjẹ Olúwa.

Oṣù mẹ́ta pé, wọ́n ní kí n padà síwájú. N ò lọ. Ní ìjọ wa, kí pásítọ̀ tó bu búrẹ́dì, ó máa ń ní kí ẹni tó bá ń bínú sí arákùnrin rẹ̀ jáde. Èmi á dìde, màá lọ dúró nídìí táǹkì omi níta. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe é. Títíloyè ìyàwó mi bẹ̀ mí títí.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo ní ó di ìgbà tí Ọláyọdé bá sọ òótọ́. Títíloyè kú ní 2009. A ò jọ jẹ ẹ́.

Ní 2013, Ọláyọdé fi ọ̀pá rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àkàndé, mo wá bẹ̀ ọ́."

"Ẹ ò tètè dé, sà."

"Orí ẹ yìí le ju ìrókò lọ!"

"Ó kúkú gbẹ."

Ẹ̀rín pa á. "Jẹ́ ká parí ẹ̀ síbí, àwa méjèèjì."

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

"Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà yẹn dà? Àwọn kan ti kú, àwọn tó kù ti padà sílé."

"Èmi ṣì wà."

Ó jókòó pẹ́ lórí àpótí ìṣó mi. N ò fún un lómi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ gbé búrẹ́dì, mo sì dìde bí ìṣe mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá Ọláyọdé. Ó ń lọ síwájú, síbi pẹpẹ onígíláàsì tí wọ́n rà lẹ́yìn tèmi. Ìtùnú ọmọ mi ló wà níbẹ̀, òun ló ń túmọ̀ sí òyìnbó fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa.

"Káfíńtà kan kan pẹpẹ síbí nígbà kan," Ọláyọdé ní.

Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn. Ìtùnú yíjú wò mí, kò túmọ̀ ẹ̀.

"Túmọ̀ ẹ̀," mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Gbogbo ẹ̀!"

Ó túmọ̀ ẹ̀. Mo wo àga Títíloyè. Obìnrin kan tí n ò mọ̀ ló jókòó síbẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú.

"Ó sọ fún mi pé pákó ò gbẹ," Ọláyọdé ní. "Èmi ni mo ní kó kàn án. Ojú ló tì mí lójú àlejò, mo sì purọ́ mọ́ Àkàndé."