Fáìlì Páálí Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìlọrin

Wọ́n dá a padà. Fáìlì páálí tí mo fi ọwọ́ ara mi rà, èyí tó tóbi jù ní Kábà, awakọ̀ Ìlọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú sórí àpò ẹ̀wà mi ni — kò tilẹ̀ dúró kí n bi í. Wọn ò fẹ́ ẹ nìyẹn… Ṣebí Theresa ọmọ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Àjíǹde. "Ìyá, fáìlì ti kún. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Gbogbo ọ̀rọ̀ Owé, èdè wa ní Kábà, tí bàbá rẹ̀ fi ogún ọdún kọ sílẹ̀ kó tó kú, Theresa tẹ̀ ẹ́ dé lẹ́tà n, ẹ̀rọ kọ̀.

Àbí èsì mi ló ń dùn ún? Mo ní kó gé ìyókù dànù, pé òkú kì í kàwé. Ẹnu mi. Ẹnu ọjà. Bí mo ti ń ṣe sí Benjamin ọkọ mi náà nìyẹn — tíṣà, gé e kúrú, ẹ̀wà ń dúró dè mí… Ọ̀rọ̀ náà sì ń gún mi lọ́kàn. Fáìlì tó bá kún, kí là ń ṣe sí i? A ra ńlá. Mo rà á.

Ó wúwo. Páálí òfìfo kì í wúwo báyìí.

Ìwé ni. Ìwé títẹ̀, ó nípọn bí búrẹ́dì. Lẹ́tà Theresa wà lókè, ó kọ ọ́ gàdàgbà nítorí mi: wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé. Ti àtijọ́ ń gbé ohun tí wọ́n ń pè ní bíìtì mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan, tuntun ń gbé méjìlélọ́gbọ̀n, ó gba gbogbo rẹ̀ láìgé. Èyí yé mi. Mùdù kékeré tí mo fi ń wọn ẹ̀wà, mùdù ńlá. Ó ní gbogbo ọ́fíìsì fi páálí mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí ìwé jáde, kò sí páálí mìíràn tó gbà á.

Lẹ́tà wo ló tẹ̀lé n… O. Ìwé kíkà díẹ̀ ni Benjamin kọ́ mi, kí n lè mọ orúkọ ara àpò mi. Mo fi ìka tọ̀ ọ́. "Okun: bí a ṣe ń kíra wa. Martha máa ń kí mi bẹ́ẹ̀ láti inú ilé, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà."

Èmi? Ó gbọ́. Nínú gbogbo ariwo mi, èyí ló gbọ́, ló kọ… Èmi ni mo sì ní kí wọ́n gé e dànù.

Ẹnìkan dúró níwájú mi, ó fẹ́ mùdù méjì. Kó ní sùúrù. Olúwa, o ṣé. Ẹ̀rọ tí n kò rí rí, o ṣé.

Benjamin… okun o.