Ẹ̀rí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tí Màmá Ọláwándé sọ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e lọ sí kílíníìkì, kó lè bọ́ lọ́wọ́ tírámádòl. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Rhoda ń wọn mẹ́tádóòn, oògùn tó ń pa òùngbẹ tírámádòl, fún un, tí Ọláwándé sì ń mu ún lójú rẹ̀. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ọláwándé ń sùn bí èèyàn, ó ti padà sídìí fóònù tó ń tún ṣe ní Laranto, nílùú Jos. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kò lè yàgbẹ́.

"Màámi, inú mi ti di òkúta. N ó dá oògùn yìí dúró."

Màmá rántí ọjọ́ tó bá a lẹ́bàá títì ní Ali Kazaure, tí tírámádòl ti gbé e sùn bí òkú. "Má dán an wò," ló wí. "A ó gbààwẹ̀ sí i."

Ààwẹ̀ gbígbẹ ni. Oògùn nìkan ni Màmá yọ̀ǹda; omi ò sí nínú àdéhùn. Ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́: bí Olúwa bá ṣí ọ̀nà, òun yóò jẹ́rìí ní gbangba lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọ̀nà ò ṣí. Màmá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń ki ọmọ rẹ̀:

"Àkànní, ọmọ agòkè-má-mí-hẹlẹ,
baba rẹ kì í sá fógun.
Àkànní, má sá fún èyí!"

"Màámi," Ọláwándé dáhùn láti inú, "ogun náà ò jáde."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá bá a dé kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì Rhoda wo ètè rẹ̀ tó gbẹ.

"Ṣé o ń mu omi?"

"A wà nínú ààwẹ̀," Màmá dáhùn.

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ìgbẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Haba, Mama! Oògùn yìí máa ń mú kí ìfun lọ́ra. Ẹ tún wá gba omi lọ́wọ́ ẹ̀?" Ó kọjú sí Ọláwándé. "Má dá a dúró fúnra rẹ, tírámádòl á wá ọ wálé. Mu omi dáadáa, jẹ ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ, máa rìn. Oògùn tó ń rọ ìgbẹ́ rèé. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́, tàbí tó o bá ń bì, sáré padà wá."

"Ṣé ká já ààwẹ̀ ni?" Màmá bi í.

"Ẹ̀yin lè máa bá a lọ, Mama."

Màmá sì ń bá a lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọláwándé wọlé ìgbọ̀nsẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó ti ogun dé. Màmá ò bi í ní nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó dìde, ó gbé léèsì funfun ọjọ́ Ìsinmi jáde, ó ń lọ̀ ọ́.

"Ẹ bá mi yin Olúwa," ó ń fi ẹnu ṣe ìdánrawò lórí áyọ́ọ̀nù. "Ọmọ mi, Ọláwándé, ẹni tí kò lè…"

Ọláwándé rántí ìjọ wọn ní Anglo Jos. Ó rántí Ayọ̀kúnnúmi, ọmọge ẹgbẹ́ akọrin, tó máa ń gbé fóònù tí kò bàjẹ́ wá fún un tún ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Màámi, n ó máa lọ sí kílíníìkì. Mi ò ní dá oògùn dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi."