Òkú Tó Fẹ́ Pa Wọ́n Lẹ́rìn-ín

Wọ́n ti ki òwú bọ ihò imú Àmọ̀kẹ́ méjèèjì kí ó tó yé e pé ipa òkú ni wọ́n pè é wá ṣe.

Lórí fóònù, Sódìq olùdarí ní ipa ìyá àgbà ni, pé òun ni gbogbo eré náà dá lé lórí. Kò purọ́. Òkú rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa jà lé lórí. Adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé, Àmọ̀kẹ́ mọ̀; ṣùgbọ́n wọn ì bá jẹ́ kóun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná. Nínú ẹgbẹ́ eré tó ti dàgbà, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ̀rọ̀ síwèé fúnni. Wọ́n á sọ ìtàn fún ọ, ìwọ á fẹnu ara rẹ wá ìyókù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wá èébú mẹ́rìnlá fún ìyàwó ọmọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ wọ ọkọ̀ kórópe láti Ìkirè wá sí Àpòmù, ó de awò dúdú mójú kí èrò má baà dà bò ó. Èrò ò dà bò ó. Ẹni tó jókòó tì í kàn ní kó sún díẹ̀ ni.

Láyé ijọ́hun, Àmọ̀kẹ́ Ẹlẹ́nu-Wíwọ́ ni wọ́n ń pè é. Yóò wọ́ ẹnu sápá òsì, yóò pa ojú kan dé, gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní aboyún kan rẹ́rìn-ín títí tó fi rọbí l'Órílẹ̀-Òwu. Àmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí jù. Nígbà mìíràn, aboyún náà á di méjì.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin rèé tẹ́nikẹ́ni ò pè é fún eré. Sódìq sì ń wá ẹni tí yóò ṣe ìyakọ nínú eré alápá mẹ́tàlá kan tó ń bọ̀. Bí Àmọ̀kẹ́ bá lè rí ẹ̀rín kan péré gbà lónìí, ó dá a lójú pé ipa náà ti di tirẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Humairah, ọmọdébìnrin tí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù kì í gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ, wólẹ̀ ti òkú. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi, ẹ dìde kẹ́ ẹ bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́."

Àwọn ará àdúgbò tó kún ojú fèrèsé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba orí Àmọ̀kẹ́ kọjá bí ọkọ̀ tí kò ní dúró. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò burú. Ó wọ́ ẹnu sápá òsì, ó pa ojú kan dé.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Òun ló máa ń ṣáájú ariwo. Ó wọ́ ẹnu náà sí i.

"Màmá," ohùn Humairah ti yí padà, "ṣé ẹ lè gbé ọwọ́ òsì yín sókè?"

Wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Ẹnì kan sáré lọ bu omi. Qaosarat, obìnrin tó ni ilé, ní bó ṣe mú ìyá òun nìyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àmọ̀kẹ́ ní eré lòun ń ṣe. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ rọra. Làtífù tó ń bójú tó iná, tó ti rí i lórí ìtàgé rí, wá ń ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí wọ́n fi ń pani lẹ́rìn-ín láyé àtijọ́ nìyẹn. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn méjì mi orí.

Sódìq lóṣòó tì í, ó rọ ohùn. "Mà, ẹ kàn sùn sílẹ̀ ni, ẹ má ṣe wàhálà kankan. Ìyakọ tí mo sọ yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹ́ nídìí eré, ẹ bá mi wá ìyá kan tára ẹ̀ le."

Àmọ̀kẹ́ ní òun á ronú sí i. Wọ́n da aṣọ bò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, Humairah ò sọ tàkọ́kọ́ mọ́. Ó jókòó ti òkú, ó wá ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Àkọ́kọ́ rèé tá a jọ jókòó láìjà. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ṣé ó dùn?"

Ẹ̀rín bẹ́ lójú fèrèsé. Nísàlẹ̀ aṣọ, ó ta Àmọ̀kẹ́ náà níkùn, ó ń gòkè bọ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ̀kẹ́ di èémí mú, ó fi eyín há ahọ́n, kí aṣọ má baà mì.